Ọmọkùnrin Kan àti Ọ̀pọ̀lọ́ Mẹ́ta: Ẹ̀dà Ère Idẹ Janet Scudder Tí Mo Rà Sí Ọgbà Mi

Ó di ọdún méjì báyìí tí mo ti ra ère idẹ kan tí ń tu omi, tí mo sì gbé e kalẹ̀ sínú ọgbà kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé wa ní ìpínlẹ̀ Maryland. Ẹ̀dà ni, kì í ṣe ojúlówó. Iṣẹ́ tí wọ́n wò dà á ni èyí tí Janet Scudder, obìnrin oníṣẹ́ ère ará Amẹ́ríkà, mọ ní ìlú Paris ní ọdún 1901, tí àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀ ń pè ní Frog Fountain. Ọmọkùnrin kékeré kan tí ó sanra rọ́bọ́tọ́ ni, ó wà ní ìhòòhò, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ẹni tí ń jó, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ mẹ́ta tí ń tu omi nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará wa tí wọ́n bá wá kí wa kì í yé bi mí léèrè iye tí mo rà á àti ibi tí mo ti rà á, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé tí wọ́n sì fẹ́ kí ẹ̀yìnkùlé wọn gbayì. Nítorí tiwọn ni mo ṣe jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ìdájọ́ mi kíákíá, òun nìyí: idẹ rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú, omi rẹ̀ dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó yẹ kí ó tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn tí wọ́n dà á kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú àmì. Ìyókù, àlàyé ni.

Ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á. N kò ní dárúkọ wọn. Dọ́là 1,150 ni mo san, owó àtigbé e wá sílé wà nínú rẹ̀. Àwòrán tí wọ́n fi polówó rẹ̀ fani mọ́ra púpọ̀: omi ń ta lọ́tùn-ún lósì, ewéko yí i ká, oòrùn ń ràn lé ọmọ náà lórí. Wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán náà pé ère yìí ní ìbuwọ́lù Scudder lára. Orúkọ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, mo fi ọwọ́ mi kàn án ní ẹ̀gbẹ́ ìdí ère náà. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti kú láti ọdún 1940, idẹ tèmi kò sì tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n dà á. Bí ìgbà tí a bá ṣe fótókọ́pì ìwé ẹ̀rí ni: òǹtẹ̀ ìjọba yóò hàn lórí ẹ̀dà náà, bẹ́ẹ̀ kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan tí ó fọwọ́ kan bébà yẹn. N kò sọ pé wọ́n ṣẹ̀ sí òfin o. Iṣẹ́ tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni, òfin Amẹ́ríkà kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́kun mọ́ pé kí ó má da ẹ̀dà rẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé kí ẹni tí ń tà á pè é ní ẹ̀dà, kí ó má fi ìbuwọ́lù bo ojú ẹni tí ń rà á.

Ọkùnrin méjì ni ó gbé àpótí pákó náà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀, nítorí ó lé ní 50 kílò. Kí n tó fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n nà sí mi, mo sáré wọ ilé lọ yọ òòfà kan lára ilẹ̀kùn fíríìjì, mo gbé e lé ọmọ náà láyà, ó sì já bọ́. Mo fi ìka kan án ní ìdodo, ó dún gooro bí agogo. Ohun méjì yìí ni mo gba gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n ṣe, nítorí pé irin lásán tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pọ̀ lọ́jà, òòfà yóò sì lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Òmíràn tún wà tí ó jẹ́ ike ni, tí wọ́n po ìyẹ̀fun idẹ mọ́ kí ara rẹ̀ lè máa dán. Ìyẹn kì í wúwo tó bí a ti rò, bí a bá sì kàn án, yóò dún pọ́, kò ní dún gooro. Tèmi yege nínú ìdánwò méjèèjì. Inú mi dùn títí mo fi tẹ̀ba wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìka ẹsẹ̀ tí ó fi tẹlẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ẹ̀kọ tí ó dì sínú abọ́. Ènìyàn lè kà wọ́n, ṣùgbọ́n àfi kí ó fi ọwọ́ wá ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ní abẹ́ abíyá ọwọ́ òsì, ilà kan wà tí ó yọ síta láti ibẹ̀ dé ìbàdí, níbi tí wọ́n ti so ìlàjì ara pọ̀ mọ́ ìlàjì kejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi fáìlì ra á. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣe bàìbàì. Àwọ̀ ewé tí ó wà lára rẹ̀, tí ó yẹ kí omi àti afẹ́fẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún mú wá, búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi kùn ún, mo sì rí ibi tí ọ̀dà náà ti ṣàn sílẹ̀ tí ó gbẹ síbẹ̀ ní ẹ̀yìn orúnkún.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa ní ọdún náà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ jáde wá wò ó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n di aṣọ òtútù mọ́ra, wọ́n dúró síwájú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ ò wá ní ṣòkòtò kékeré kan tí ẹ lè fi wọ ọmọ ọlọ́mọ yìí?” Mo ní, “Màmá, bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ọdún 1901.” Wọ́n ní òtútù ibí yìí á ti wá mú un tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo àwọn ẹran omi náà níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ nìwọ̀nyí, àkèré ni, nítorí ara ọ̀pọ̀lọ́ kì í dán báyìí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyá mi kò mọ̀ pé àléébù tí ó tóbi jù lọ lára ère náà ni wọ́n tọ́ka sí: ara rẹ̀ ti yọ́ jù. Ohun tí ó yẹ kí ó rí ṣákaṣàka ń dán, ohun tí ó yẹ kí ó mú ti kú. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń pè wọ́n ní ọ̀pọ̀lọ́ nínú ìwé, àkèré ní ẹnu.

Ẹni tí kò bá mọ ẹni tí Scudder jẹ́ lè rò pé eré ọmọdé lásán ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú Terre Haute ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1869. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Cincinnati, ó sì mọ igi gbẹ́, débi pé nígbà tí ó dé Chicago, ilé iṣẹ́ tí ń ṣe àga àti tábìlì ni ó ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni ó lé e níbẹ̀, nítorí wọn kì í gba obìnrin. Nígbà náà ni ìlú náà ń múra sílẹ̀ fún ìpàtẹ ńlá àgbáyé ti ọdún 1893, ère tí wọ́n sì fẹ́ fi ṣe àwọn ilé ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ pọ̀ ju ọwọ́ tí ó wà nílẹ̀ lọ. Lorado Taft, tí ó jẹ́ ọ̀gá lórí apá kan iṣẹ́ náà, lọ béèrè lọ́wọ́ Daniel Burnham, ọ̀gá àgbà tí ń darí kíkọ́ ibi ìpàtẹ náà, bóyá òun lè gba àwọn obìnrin tí òun ń kọ́ síṣẹ́. Bí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà, Burnham ní bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ehoro funfun ni, kí ó gbà wọ́n, kí iṣẹ́ ṣáà ti parí. Orúkọ yẹn mọ́ wọn lórí, Ehoro Funfun ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin náà. Scudder jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, Bessie Potter Vonnoh tí òun náà padà di gbajúmọ̀ nídìí ère ọgbà wà níbẹ̀, Enid Yandell wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí pé ẹni tí wọ́n fi wé ehoro ní ọdún 1893 ni iṣẹ́ rẹ̀ wọ Metropolitan Museum ní New York ní ọdún 1906, nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fi owó ara wọn ra Frog Fountain.

Láàárín ọdún mẹ́tàlá yẹn, ojú rẹ̀ rí nǹkan. Ní ibi ìpàtẹ náà ni ó ti rí ère ńlá tí ń tu omi tí Frederick MacMonnies ṣe, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó sì tẹ̀ lé e dé Paris láti lọ ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó padà sí New York, iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ó tún kọjá sí Paris. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilẹ̀ Ítálì, ó sì rí àwọn ọmọdé onídẹ tí Donatello àti Verrocchio ti ṣe láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí wọ́n ń fò, tí wọ́n ń jó, tí ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Ibẹ̀ ni ó ti pinnu pé irú iṣẹ́ tí òun yóò máa ṣe nìyẹn. Ó sọ ọ́ gbangba nínú ìwé tí ó kọ nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀ ní ọdún 1925 pé ère àwọn ọkùnrin ńláńlá ti pọ̀ jù ní ìlú, òun kò sì ní fi tòun kún un. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣe é fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, nítorí irú ère bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mú owó àti òkìkí wá fún oníṣẹ́ ère nígbà náà. Ọmọ tí ń ṣeré nínú omi ni ó yàn. Stanford White, ayàwòrán ilé tí orúkọ rẹ̀ ń dún jù ní New York nígbà náà, ra ọ̀kan sí ọgbà oníbàárà rẹ̀ kan ní Long Island, láti ibẹ̀ sì ni àwọn olówó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, John D. Rockefeller pẹ̀lú gbé iṣẹ́ fún un. Ó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin láti dìbò. Rockport, ní Massachusetts, ni ó kú sí.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí pé ẹ̀rín ọmọ náà ni gbogbo iṣẹ́ yìí rọ̀ mọ́, ẹ̀rín sì ni ohun tí ó ṣòro jù lọ láti da ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹni tí yóò ṣe irú ère yìí á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ ọ́n. Wọ́n á fi POP gba àwòkọ rẹ̀ láti ara amọ̀, láti ara POP ni wọn yóò sì ti rí ohun tí wọn yóò fi da ìda fẹ́ẹ́rẹ́, kí inú rẹ̀ lè ṣófo. Wọ́n á wọ ẹ̀wù amọ̀ fún ìda náà níta àti nínú, wọ́n á gbé e sínú iná, ìda á yọ́ dànù, wọ́n á sì yọ́ bàbà pọ̀ mọ́ tánńganran, wọ́n á dà á sí àlàfo tí ìda fi sílẹ̀. Bí wọ́n bá fọ́ amọ̀ náà, ohun tí ó máa jáde kì í wuni: ó dúdú, ọ̀pá idẹ yọ lára rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti da idẹ wọlé. Iṣẹ́ ẹni tí yóò fi fáìlì àti irin tín-ín-rín tún un ṣe ló kù, tí yóò la ìka sọ́tọ̀, tí yóò pọ́n etí, tí yóò fi ìlà sí ìpéǹpéjú. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn orí tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1938, ọ̀nà ìda yìí ni wọ́n fi dà wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣáájú kí Scudder tó dáyé, ẹni tí ó bá sì ti wo àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí ó wà lójú wọn yóò mọ ohun tí mo ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹni tí ó da tèmi kò rí amọ̀ Scudder, kò sì rí POP rẹ̀. Ara ère idẹ mìíràn ni ó ti gba àwòkọ, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀dà ẹ̀dà. Idẹ tí ó gbóná máa ń súnkì bí ó bá ti ń tutù, nǹkan bí ìdá kan àbọ̀ sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ìda tí wọ́n fi ṣe é ṣáájú náà sì ń súnkì díẹ̀ tirẹ̀. Bí a bá da ẹ̀dà lára ẹ̀dà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọmọ náà yóò máa kéré sí i, gbogbo ohun tí ó bá mú lára rẹ̀ á sì máa kú díẹ̀díẹ̀, bí ọṣẹ tí a ti fi wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà. Ọwọ́ tí ó mọṣẹ́ gbówó lórí, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ń ta ère ní dọ́là 1,150 ti ń fa owó yọ.

Kí n má bàa fi ẹ̀sùn èké kan ẹnikẹ́ni, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí New York láti lọ wo ti Metropolitan Museum fúnra mi. Ọgbọ̀n dọ́là ni àgbàlagbà tí kì í gbé ní ìpínlẹ̀ New York ń san láti wọlé, àwọn ará ibẹ̀ sì lè san iye tí ó bá wù wọ́n. Ẹ mú ohun jíjẹ díẹ̀ dání, kí ẹ sì wọ bàtà tí ó rọrùn, nítorí ilé náà tóbi ju ọjà Bódìjà lọ. Mo dúró síwájú ọmọ náà fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ó tóbi ju tèmi lọ, ojú lásán ni mo fi mọ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí ti ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, ẹran itan rẹ̀ sì ká léra bí ti ọmọ gidi. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ẹ̀rín rẹ̀ kò wà ní ẹnu nìkan: ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wà ní ojú tí ó fún pọ̀, ó dé èjìká tí ó gbé sókè. Ọmọ tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́sẹ̀ lójijì nìyí. Tèmi ń ya ẹnu lásán. Mo fi fóònù ya àwòrán ojú méjèèjì, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó mi wò wọ́n, ó ní èyí ń rẹ́rìn-ín, èyí ń yán.

Síbẹ̀, ère tí ń tu omi kò parí síbi ojú. Bí mo bá ti tan pọ́ǹpù, nǹkan yí padà. Omi tí ń lọ lára idẹ máa ń fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ó máa ń bo àléébù, àní ẹnu tí ó là lásán yẹn a máa jọ ẹ̀rín bí omi bá ta sí i. Ohùn rẹ̀ kò pariwo. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń fi abọ́ kékeré bu omi nínú ìkòkò lọ́nà jíjìn. Ẹyẹ kan tí àyà rẹ̀ pọ́n máa ń wá mu omi níbẹ̀ ní àárọ̀, ó máa ń bà lé orí ọ̀pọ̀lọ́ tí ó wà lọ́tùn-ún, ó sì ti gbọ̀nsẹ̀ sí i lórí débi pé funfun díẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ẹjọ́ wà lórí ọ̀pọ̀lọ́ kẹta. Méjì ń tu omi sókè gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ, omi wọn ń pàdé nítòsí orúnkún ọmọ náà. Ẹ̀kẹta ń tu tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, sí ojú ọ̀nà tí a ń gbà kọjá, débi pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ bàtà aláwọ kọjá níbẹ̀ yóò rojọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdọ̀tí ni ó dí i. Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tú u, mo fi ọtí kíkan yọ ẹfun tí omi ìlú wa máa ń fi sílẹ̀, kò sí ìyípadà. Nígbà tí mo wá yọ rọ́bà abẹ́ rẹ̀ kúrò tí mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ihò náà, mo rí i pé ẹni tí ó lu ú, lu ú ní ìdagẹ̀rẹ̀ ni. Rọ́bà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ pàápàá kò bá ẹnu ihò náà mu. Okùn idẹ ni mo fi so ó mọ́ ọn. Pọ́ǹpù tí ó wà nínú àpótí kò lò ju oṣù mẹ́rin lọ. Èyí tí mo rà rọ́pò rẹ̀ ní ilé ìtajà àdúgbò kò ju dọ́là 45 lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Ẹ rí i dájú pé irú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò gé iná fúnra rẹ̀ bí omi bá kàn án ni ẹ fi pọ́ǹpù sí; iná àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbàgbé. Kí òtútù tó dé, gbogbo omi gbọ́dọ̀ kúrò nínú rẹ̀, nítorí omi tí ó bá dì máa ń wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè la idẹ sí méjì láti inú. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo máa ń fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, mo ń jẹ́ kí ó gbẹ sínú oòrùn, mo ń fi ìda tẹ́ẹ́rẹ́ pa á lára, mo sì ń fi àkísà funfun nù ún títí yóò fi dán. Ẹ má da oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi ìwẹ̀ sínú rẹ̀, nítorí kílórínì máa ń jẹ idẹ. Ẹ má sì fi ẹja sínú àwo omi rẹ̀. Bàbà ni ó pọ̀ jù nínú idẹ, èyí tí ó bá sì ti ara rẹ̀ yọ́ sínú omi lè pa ẹja. Mo pàdánù mẹ́rin kí n tó mọ̀. Níbi àwọ̀, mo ní ìròyìn rere: ọ̀dà ewé tí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí tán, àwọ̀ ti ara idẹ náà gan-an, tí ó jọ ti èso orógbó tí a ti bó, ni ó ń jáde báyìí, ó sì dára jù ú lọ.

Ọ̀gbẹ́ni kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà bi mí lọ́jọ́ kan, ó rọ ohùn sílẹ̀, pé ṣé kì í ṣe pé mo ti ń bọ nǹkan. Mo mú un lọ síbẹ̀, mo tan pọ́ǹpù, ọ̀pọ̀lọ́ kẹta sì tutọ́ sí i ní ṣòkòtò. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ti bi mí léèrè iye rẹ̀ láti ìgbà náà.

Mo kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n tà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò dáhùn. Ní ìgbà kejì, mo fi àwòrán ihò onídagẹ̀rẹ̀ náà ránṣẹ́ pẹ̀lú ti ìlà abẹ́ abíyá, wọ́n sì fèsì pé mo lè dá a padà bí n bá lè fi owó ara mi gbé e ránṣẹ́, wọn yóò sì dá owó mi padà bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Owó àtigbé ohun tí ó lé ní 50 kílò padà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta iye tí mo rà á. Wọ́n fi dọ́là 60 ránṣẹ́ lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí owó pọ́ǹpù, mo sì gbà á. Bí wọ́n bá tà á ní dọ́là 700, tí wọ́n sì pè é ní ẹ̀dà, n kò ní ní ẹjọ́ kankan. Ẹni tí ó bá ní owó díẹ̀ sí i, kí ó wá àwọn tí ń da idẹ fúnra wọn ní àdúgbò rẹ̀, kí ó ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ àti etí ère hàn òun kí wọ́n tó kùn ún. Ojú lásán ni ènìyàn á fi mọ̀ bóyá ẹnì kan jókòó tì í.

Ní Sátidé tí ó kọjá, mo yọ pọ́ǹpù kúrò, mo gbọn ewé tí ó kún inú àwo òkúta rẹ̀ dànù, mo dojú ère náà dé lórí pákó kí omi tí ó kù nínú ikùn rẹ̀ lè jáde. Ó jáde láti ẹnu ọ̀pọ̀lọ́ kẹta, ní ẹ̀gbẹ́, sí bàtà mi. Mo ti bá wẹ́dà kan ní òpópónà kejì sọ̀rọ̀. Ó ní òun lè dí ihò náà pa, kí òun sì tún un lu ní ọ̀gbọọrọ fún dọ́là 80. Ìyàwó mi ní kí n má wulẹ̀ fi ọwọ́ kàn án.